Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: NỌ́ŃBÀ ÌDÁNIMỌ̀, ÀMÁNÀ NI

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin wa, ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò lóṣù yìí ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a mọ̀ sí NIN. Òfin ọdún 2007 ni ó dá àjọ NIMC sílẹ̀ láti máa fún wa ní nọ́ńbà yìí. Wọn yóò ya àwòrán ojú ẹni, wọn yóò gba ìtẹ̀ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọn yóò sì fún ẹni náà ní fígọ̀ 11 tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Àǹfààní rẹ̀: Ọmọ tálákà tí kò ní ìwé ìrìnnà yóò rí ohun tí yóò fi sọ pé, "Èmi nìyí." Kò sì ní rọrùn fún oníjìbìtì láti máa fi orúkọ mẹ́ta jẹun.

Ìṣòro rẹ̀: (1) Bí a bá so ohun gbogbo mọ́ nọ́ńbà kan, ẹni tí kò ní i yóò wà níta. Ní 2021, JAMB sọ ọ́ di dandan fún ìdánwò. Ní oṣù kẹrin 2022, àwọn tí kò so NIN mọ́ láìnì wọn kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. (2) Iṣẹ́ oko lè pa ìlà ìka baba àgbẹ̀ rẹ́ débi pé ẹ̀rọ kò ní rí i kà. (3) Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò pààrọ̀ ìka? Ìdí nìyí tí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ọdún 2023 fi ṣe pàtàkì. Àmánà ni ó wà lọ́wọ́ ìjọba.

Ṣùgbọ́n àmánà wà lọ́wọ́ tiwa náà. Má ṣe dín ọjọ́ orí rẹ kù. Má ṣe jẹ́ Ganiyu níbì kan, kí o di Abdul-Ganiyy níbòmíràn. Ọjọ́ tí o bá ń wá iṣẹ́ ni wàhálà rẹ̀ yóò dé. Má ṣe gba owó kí o fi NIN rẹ forúkọ síìmù ẹlòmíràn sílẹ̀. Bí ó bá fi lu jìbìtì, ẹnu ọ̀nà rẹ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ kàn. Mú ìyá àgbà lọ forúkọ sílẹ̀, kí o sì dúró tì wọ́n títí ẹ̀rọ yóò fi gba ìka wọn.

Ìbéèrè: Ta ni ó wà ní àdúgbò rẹ tí kò tíì ní nọ́ńbà yìí? Kí ni ó dí i lọ́wọ́, kí sì ni ìwọ lè ṣe sí i?