Àpẹẹrẹ Àròkọ: Iṣẹ́ tí Ọkàn ń Ṣe nínú Eré Tẹníìsì

Àròkọ aṣàlàyé ni èyí. Ohun tí ó máa ń ba irú rẹ̀ jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni pé bí wọ́n bá ti rí ‘tẹníìsì’ nínú orí ọ̀rọ̀, kíá ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí pápá ti gùn tó, bí àwọ̀n ti ga tó, àti irú bàtà tí a ń wọ̀. Kì í ṣe ohun tí a bi wọ́n nìyẹn. Ọkàn ni orí ọ̀rọ̀ dárúkọ. Ohun tí olùdánwò fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ó wà nínú eré yìí gan-an tí ó fi jẹ́ pé ọkàn ẹni lè mú un borí tàbí kí ó mú un pàdánù. Bí ẹ bá rí ìdáhùn nínú òfin eré náà fúnra rẹ̀, ẹ ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Ẹ ka àpẹẹrẹ yìí.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, èmi àti ọmọkùnrin kan láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn pàdé nínú ìdíje tẹníìsì. Mo mọ eré náà jù ú lọ. N kò fi èyí ṣe ìgbéraga. Gbogbo ẹni tí ó wà ní ìdí pápá ni ó rí i. Mo gba sẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní ní 6–2, mo sì ti ní géèmù márùn-ún sí méjì nínú èkejì. Géèmù kan péré ni ó kù. Bí mo ti ń lọ mú bọ́ọ̀lù, ojú mi lọ sí orí tábìlì tí wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ kà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí ìyá mi yóò gbé e sí nínú pálọ̀. Bọ́ọ̀lù méjì ni òfin fún ẹni tí ó ń ṣí eré. Mo gbá méjèèjì mọ́ àwọ̀n. Inú bí mi, mo sì fi rákẹ́ẹ̀tì na ilẹ̀. Láti ìgbà náà n kò mọ ohun tí mo ń ṣe mọ́. Géèmù márùn-ún ni ó gbà léra, ó fi 7–5 gba sẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fi 6–1 gba ẹ̀kẹta.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi béèrè pé, “Ṣé ó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ ni?” N kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà tí a fi ń ka àmì nínú tẹníìsì ni ó dá mi lẹ́jọ́. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan bá ti gbá góòlù mẹ́ta wọlé, tí ó sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n lè máa gbá bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn títí fèrè yóò fi dún. Agogo ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kò sí irú agogo bẹ́ẹ̀ nínú tẹníìsì. Bí ẹnìkan bá ti ní 40 tí ẹnìkejì kò ní nǹkan kan, ó ṣì lè pàdánù géèmù náà. Kò sí bí ó ti wù kí ènìyàn ti ṣíwájú tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gba àmì ìkẹyìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eré kò parí. Nítorí náà, ẹni tí ó ti ń jẹ adùn ìṣẹ́gun kí ó tó ṣẹ́gun wà nínú ewu, ẹni tí ó sì wà lẹ́yìn kò ní ìdí láti sọ ìrètí nù.

Ohun kejì ni àkókò tí a kì í gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan, òfin òde òní fún eléré ní ìṣẹ́jú àáyá 25 kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ dilẹ̀ nígbà náà, ẹsẹ̀ dilẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn kò dilẹ̀. Inú àlàfo yìí ni àṣìṣe tí ó ti kọjá máa ń padà wá bá ènìyàn. Àwọn tí ó ń ta ayò ọlọ́pọ́n mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: bí àwọn òǹwòran bá ti ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ tí ó sì gba yẹ̀yẹ́ náà sínú, ọmọ ayò tí ó kà lẹ́ẹ̀kan tí ó pé, bí ó bá tún un kà, kò ní pé mọ́. Nínú tẹníìsì, eléré fúnra rẹ̀ ni ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọdún 1975, Arthur Ashe, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, pàdé Jimmy Connors nínú àṣekágbá Wimbledon. Kò tíì borí Connors rí. Bí Ashe bá gbá bọ́ọ̀lù líle gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, Connors yóò fi agbára kan náà dá a padà. Ashe pa ìṣe rẹ̀ tì, ó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá jókòó sinmi, yóò di ojú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń sùn. Ó gba sẹ́ẹ̀tì méjì ní 6–1, 6–1. Connors gba ẹ̀kẹta ní 7–5, ó sì mú géèmù mẹ́ta sí òdo nínú ẹ̀kẹrin. Ibi tí ẹlòmíràn ìbá ti sá padà sí ìwà àtijọ́ nìyẹn. Ashe kò sá. Ó gbà á ní 6–4, ó sì di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó borí nínú ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan níbẹ̀.

Ti Nduka Odizor, tí a bí ní Èkó ní 1958, ni ó wọ̀ mí lára jù. Ní ọdún 1983, ní ìpele kìn-ín-ní Wimbledon, wọ́n fi í kọjú sí Guillermo Vilas ti Argentina, ẹni tí wọ́n kà sí ìkẹrin nínú àwọn tí ó lè gba ife ẹ̀yẹ. Vilas fi 6–3 àti 7–5 gba sẹ́ẹ̀tì méjì. Bí ó bá gba ọ̀kan sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Odizor gba ẹ̀kẹta ní 7–6, ó gba ẹ̀kẹrin ní 7–5. Ẹ wo bí àlàfo ti kéré tó! Nígbà tí ó di ẹ̀karùn-ún, 6–2 ni. Ó dé ìpele kẹrin kí Chris Lewis ti New Zealand tó borí rẹ̀ ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, nítorí ọkàn líle nìkan kò tó. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ pẹ̀lú.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, èmi àti ọmọkùnrin yẹn tún pàdé. Lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n, n ó máa wo okùn rákẹ́ẹ̀tì mi títí ọkàn mi yóò fi rọlẹ̀. N kò wo tábìlì. Ó tún borí mi, 6–4, 7–5. Ìyá mi tún béèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́. Mo dá wọn lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ lónìí.”

Ẹ kíyèsí i pé òǹkọ̀wé dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀; kò bẹ̀rẹ̀ sí í gba olùdánwò ní ìmọ̀ràn. Ó ṣeé ṣe kí òun náà mọ̀ pé Ashe wà ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 1976, tí àwọn ọmọ ogun wọ pápá tí wọ́n sì dá eré rẹ̀ dúró, lẹ́yìn tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ìtàn tí ó dùn ni, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa ọkàn eléré, ó sì ṣe dáadáa tí ó fi í sílẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ àròkọ tí kò dín ní 300 ọ̀rọ̀ lórí ‘Ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ara mi jẹ́’.