Ara Tó Ń Yún Ọmọ Mi Kò Lọ Tán

Ìbéèrè: Dókítà, ọmọ mi obìnrin pé ọdún 7. Láti kékeré ni ara ti ń yún un ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún. Bí ọyẹ́ bá dé, kì í sùn. Ìpara tí mo rà ní kẹ́míìsì mú un lọ, àmọ́ bí mo ṣe dáwọ́ dúró ló padà. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí, kí n fún un ní àgbo. Ṣé kò ní lọ pátápátá ni?
Ìyá ọmọ, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsùn. Ohun tí ẹ sọ yìí jọ ẹ́kísímà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló dọ̀tí, kì í sì í ranni. Awọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè dá omi ara dúró, ló fi ń gbẹ tó sì ń yún. Ó máa ń fúyẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n n kò lè dá ọjọ́ fún yín.

Ìgbà tí ara bá dán gan-an ni kí ẹ má sinmi. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, kó má pẹ́, láìlo kànrìnkàn tàbí ọṣẹ olóòórùn. Kí ara tó gbẹ tán, ẹ fi Vaseline tàbí òrí pa á, láàárọ̀ àti lálẹ́, tọyẹ́ tòjò. Bí ìyá ọkọ yín bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kí wọ́n bá yín wá ògidì òrí dípò àgbo.

Ìpara kẹ́míìsì yẹn ló ń kọ mí lóminú. Púpọ̀ nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ ló po oògùn mẹ́ta pọ̀, tí sitẹ́rọ́ọ̀dù tó le sì wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá ń lò ó lálòjù, awọ á fẹ́lẹ́. Bó bá sì jẹ́ làpálàpá ni, á kàn bò ó mọ́lẹ̀. Sitẹ́rọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá o: èyí tí dókítà bá yàn ni kí ẹ lò nígbà tí ẹ́kísímà náà bá ru sókè, títí awọ yóò fi dán, kì í ṣe títí yíyún yóò fi rọlẹ̀ nìkan.

Bí gbogbo ilé bá ń họra lóru, ó lè jẹ́ kúrúnà. Bí ojú ibi tó ń yún bá ń ṣomi, tó ní èépá aláwọ̀ ìyeyè, tàbí tí ibà bá mú ọmọ náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àpá dúdú tó bá kù yóò ṣí láàárín oṣù mélòó kan; ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìpara abóra sí i.