Àrùn Àtọ̀gbẹ

Orúkọ àrùn yìí kò ṣòro í túmọ̀: ẹni tí ó ń ṣe a máa tọ̀ ṣáá, ara rẹ̀ a sì máa gbẹ. Láyé àtijọ́, bí èèrà bá bo ibi tí ó tọ̀ sí, àwọn àgbà a fura. Ṣùgbọ́n kí èèrà tó jẹ́rìí, àrùn náà ti lè ba ojú tàbí kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni ó ń tètè tú àṣírí rẹ̀. Ìrìn lójoojúmọ́ àti ìjẹun níwọ̀n lè dènà irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lára àgbà. Irú mìíràn a máa mú ọmọdé tí kì í tilẹ̀ jẹ àdídùn. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni ó ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Bí ọmọ kíláàsì yín bá ń tọrọ ààyè àtijáde lemọ́lemọ́, tí ó sì ń rù, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ tètè sọ fún olùkọ́.