Ṣé ẹ pa á ni, àbí ó kú?

Ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ilé àtijọ́ ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́, tàbí ní àgbègbè Yaba ní Oǹdó, ẹ ó rí máṣìnnì tí wọ́n da àpò kòkó bò. Ó lè jẹ́ Suzuki tí bàbá fi owó àfikún oṣù Udoji rà ní 1975, ó sì lè jẹ́ Honda CG125 tó ń gbé kòkó láti abà wá sílé. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ kó tún máa rìn, ohun tó máa ń sọ fún mẹkáníìkì ni pé, “Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú.” Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní tíì mú sípánà tí yóò fi bi í pé, “Ṣé ẹ pa á ni, àbí ó kú fúnra rẹ̀?”

Ìbéèrè yẹn ló yẹ ká fi ṣe ẹ̀kọ́ wa lónìí, torí owó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó pa ẹ́ńjìnnì yí kọ́kọ́rọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì tó kú ni èyí tó dákẹ́ mọ́ ẹni tó ń gùn ún lọ́wọ́, bóyá lójú ọ̀nà Ọwẹ̀nà. Èyí tí bàbá pa ní 2012, tí kò gùn mọ́ torí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àlàáfíà ló wà nígbà tí wọ́n tì í sínú ilé. Fífọ̀ ló fẹ́, pẹ̀lú ọ́ìlì tuntun, plọ́ọ̀gì, bátìrì àti táyà. Èyí tó kú ti ní àìsàn lára kó tó jókòó, a sì gbọ́dọ̀ wá àìsàn náà rí.

Ọ̀rọ̀ kẹta wà tí a kì í sábà lò fún ẹ́ńjìnnì, ó sì bá a mu jù: dákú. Òkú kì í jí. Ẹni tó dákú là ń bu omi lù tó ń jí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún “jí” yìí náà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “mo fẹ́ jí máṣìnnì bàbá mi” ti fi olè pe ara rẹ̀. “Mo fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà sọjí” ni kí ẹ sọ, tàbí “ẹ bá mi jí i dìde.”

Ọ̀rọ̀ tó ń dun àwọn onímáṣìnnì jù ni “nọ́ọ̀kì.” Ẹni tó tẹ kíkì tí kò lọ sílẹ̀ á ti ké pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ láìní ọ́ìlì títí irin fi jẹ irin ló nọ́ọ̀kì. Èyí tó jókòó fún ọdún mẹ́wàá, pístìnì rẹ̀ há ni, torí ìpẹtà mú un mọ́ ara sílíńdà. Nọ́ọ̀kì ń béèrè pístìnì tuntun. Há lè máà béèrè ju ọ́ìlì síbí kan lọ: ẹ tú plọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì náà sí ojú ihò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sí jíà tó ga jù, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, síwájú sẹ́yìn. Ẹ má fi ipá tẹ kíkì. Bó bá ti yí, ó ti tú nìyẹn, ẹ̀yin náà sì ti mọ ìdí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe há ní nọ́ọ̀kì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le wàyí ni àmì ohùn. Bẹntiróòlù tó pẹ́ nínú kábúrétọ̀ máa ń fẹ́ lọ. Èyí tó kù á dì, á sì dí ihò jẹ́ẹ̀tì. Ohun tó nípọn tí kò ṣàn mọ́ ló dì. Ihò tí nǹkan kò gbà kọjá mọ́ ló dí. Nígbà tí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá wá fi WhatsApp kọ ọ́ sí mẹkáníìkì ní Oǹdó pé “E ba mi fo kabureto yen,” kí ni kí ó ṣe? Fífọ̀ ni àbí fífọ́?

Fọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, fọ́ ní ohùn òkè. Òfin kan wà tí gbogbo wa ń tẹ̀lé lẹ́nu láìmọ̀: bí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ bá ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á di ti àárín. Nítorí náà, “fọ kábúrétọ̀” là ń sọ. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á padà: “fọ̀ ọ́.” Fọ́ ní tirẹ̀ kì í yí padà: “fọ́ kábúrétọ̀,” “fọ́ ọ.” Ẹ tún wò ó nínú “gun máṣìnnì” àti “gùn ún,” kí ẹ fi wé “gún iyán” àti “gún un.” Àmì kékeré tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kò fi sí i ni ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tó fẹ́ àti òfò.

Bákan náà ni jò àti jó. Ìpẹtà máa ń lu táǹkì àtijọ́ nísàlẹ̀, epo á sì máa kán. “Táǹkì ń jò” nìyẹn. Ẹni tó bá kọ “ń jó” ti pariwo iná.

Ní ti ìpẹtà fúnra rẹ̀, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lo ìpáàrà nínú Mátíù orí kẹfà, àwọn àgbà kan á sì ní irin ti dógùn-ún. Mo fara mọ́ gbogbo wọn.

N kò fara mọ́ pípe gbogbo alùpùpù ní ọ̀kadà. Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni wọ́n ti yá orúkọ náà fún máṣìnnì tó ń kó èrò. Máṣìnnì bàbá tí kò gbé èrò gbowó rí kì í ṣe ọ̀kadà. Alùpùpù ni, tàbí máṣìnnì bí àwa ará Oǹdó ti ń pè é.

Bí ẹ́ńjìnnì bá wá dáhùn, èéfín funfun tàbí aláwọ̀ búlúù á kọ́kọ́ bo àgbàlá. Ẹ má ké pé “ó ń jó ọ́ìlì.” Ọ́ìlì tí ẹ dà sí ojú ihò plọ́ọ̀gì ló ń jáde, “ó ń rú èéfín” ni kí ẹ ṣì sọ. Bí èéfín náà kò bá tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, nígbà náà ni kí ẹ sọ fún ọ̀gá pé ó ń jó ọ́ìlì, kí ó lè wo ríìngì pístìnì.