Abẹ àti Ìmọ́lẹ̀ Lésà

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ojú àgbà bá ń ṣe bàìbàì, tí ọmọlójú rẹ̀ sì ń funfun, ọ̀ràn náà kúrò ní àwàdà. Dígí kékeré kan ń bẹ nínú ẹyinjú wa tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ó bá mọ́ gaara, a óò ríran kedere. Bí ó bá ṣú bí gíláàsì àtùpà tí èéfín bò, ìríran a dínkù. Kàtárákìtì ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn yìí. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 àti 2007 fi hàn pé òun ni olórí ohun tí ń fọ́ àgbàlagbà lójú ní ilẹ̀ wa. Àgbo kò ràn án, oògùn kíkán sójú kò ràn án. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó lè mú un kúrò.

Ọ̀nà méjì ni a óò fi wéra. Nínú èyí tí a ti mọ̀ tipẹ́, dókítà yóò fi oògùn mú kí ojú má mọ ìrora, yóò fi abẹ la ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú díẹ̀, yóò yọ dígí tí ó ṣú, yóò sì fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Harold Ridley ni ó kọ́kọ́ fi irú dígí àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀ sí ojú ènìyàn, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1949. Ní ọdún 1967, Charles Kelman ará Amẹ́ríkà mú ẹ̀rọ kan jáde tí ń gbọ̀n rìrì, tí ń fọ́ dígí náà sí wẹ́wẹ́, tí ó sì ń fà á jáde láti ojú àpá tóóró.

Ọ̀nà kejì ni ti lésà, tí Zoltán Nagy bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Budapest ní ọdún 2008. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń la ojú, tí ó ń ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo dígí náà, tí ó sì ń gé e sí wẹ́wẹ́. Síbẹ̀, ọwọ́ dókítà ni yóò kó o jáde, òun náà ni yóò sì fi tuntun sí i. Owó ọ̀nà yìí pọ̀ ju ti èkíní lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Faransé àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í wé ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n, tí wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 2020, wọn kò rí i pé ó mú kí aláìsàn ríran jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ó wá léwu? Àwọn kan ń kiri ìlú, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti dígí náà sẹ́yìn nínú ojú. Aláìsàn lè rí ìmọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ a sì dùn. Ṣùgbọ́n ojú púpọ̀ ni ó ti tipa bẹ́ẹ̀ fọ́ pátápátá.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ìyá àgbà tí ń fọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹ má sì dúró de lésà. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú tí ó kọ́ṣẹ́ yanjú. Ẹni tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà, nítorí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ju irinṣẹ́ olówó iyebíye lọ.