Ẹ̀rí àti Ọ̀rọ̀ Aṣáájú: Egungun Párì àti Èémí Nínú Iṣẹ́ Àwọn Onímímọ̀ Mùsùlùmí Méjì

Ìfáárà

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéwú: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó ń ka ìwé àwọn aṣáájú tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀? Àpilẹ̀kọ yìí yóò wá ìdáhùn sí i nínú ohun tí onímímọ̀ méjì kọ nípa ara ènìyàn. Ní ayé àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ Galen, oníṣègùn Gíríìkì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Ànábì Isa, ni àwọn oníṣègùn gbára lé jù.

Egungun Párì

Galen kọ́ni pé egungun méjì ni ó so pọ̀ di párì ìsàlẹ̀. Ara ọ̀bọ àti ti àwọn ẹranko mìíràn ni ó máa ń là wò, kì í ṣe ara ènìyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1200 sí 1202, ìyàn ńlá mú ní Íjíbítì, òkú sì sùn lọ bẹẹrẹ. Abdul-Latif al-Baghdadi (1162–1231) lọ sí al-Maqs, lẹ́bàá Kàírò, níbi tí egungun ti gbá jọ bí òkìtì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, al-Ifada wal-Itibar, pé agbárí tí òun àti àwọn ẹlòmíràn yẹ̀ wò lé ní 2,000, àti pé egungun kan ṣoṣo ni párì ìsàlẹ̀.

Ìmọ̀ òde òní ti ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà. Ìlàjì méjì ni párì ọmọ tuntun, tí wọ́n pàdé ní àgbọ̀n. Kí ọmọ tó pé ọdún kan tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, wọ́n a di ọ̀kan. Oríkèé rẹ̀ wà níwájú etí. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti ẹ̀bátí ni ó ń fà á sókè bí a bá ń jẹun. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ẹ̀bátí rẹ̀, tí ó sì di eyín pọ̀, yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀jẹ̀ àti Èémí

Ibn an-Nafis, tí ó kú ní Kàírò ní 1288, jẹ́ oníṣègùn, ó sì tún jẹ́ onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ní ọ̀nà Shafii. Galen ní ẹ̀jẹ̀ ń gba ihò inú ògiri ọkàn kọjá láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Ibn Sina sì tẹ̀ lé e. Ní 1242, Ibn an-Nafis kọ àlàyé sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara inú Qanun Ibn Sina. Ó sọ níbẹ̀ pé ògiri náà nípọn, kò sì ní ihò: inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà, tí ó ń pàdé afẹ́fẹ́, kí ó tó padà sí apá òsì ọkàn. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òfin ẹ̀sìn àti àánú kò jẹ́ kí òun la òkú. Bí a ṣe dá ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ni ó fi ṣe ẹ̀rí. Ní 1924, Muhyi ad-Din at-Tatawi, dókítà ará Íjíbítì, pe àkíyèsí àwọn onímọ̀ ní Jámánì sí iṣẹ́ náà.

Lónìí a mọ̀ pé iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá sún kì, a lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì wọlé sínú àwọn àpò kéékèèké tí ògiri wọn fẹ́lẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn.

Ìgúnlẹ̀

Kò sí ẹni tí ó ju ìwé àgbà nù nínú àwọn méjèèjì. Al-Baghdadi bọ̀wọ̀ fún Galen, ṣùgbọ́n ó gba ohun tí ojú rẹ̀ rí. Inú sharhu, irú èyí tí a ń kà láti Kano dé Ilorin, ni Ibn an-Nafis ti ṣe àtúnṣe. Èyí fi hàn pé wíwọn ọ̀rọ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ alálàyé, kì í ṣe títúmọ̀ rẹ̀ nìkan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ẹ̀rí tọ̀ wá, kí ó yẹ ẹ̀rí náà wò kí ó tó bá a wí.