Ẹ̀dọ̀ Ìpàtà: Wò Ó Kí O Tó Sanwó

Àbúrò mi, mo fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ ju ẹran lọ. Bí mo bá dé ọjà Ìpàtà, tí àwọn ènìyàn ń du ṣàkì àti ìjà, ẹ̀dọ̀ ni ojú tèmi máa ń wá. Àmọ́ n kì í sanwó láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Má tijú alápatà. Ní kó fi ọ̀bẹ la òpó tí òróòro ń gbà nínú ẹ̀dọ̀ náà fún ọ. Ẹ̀dọ̀ tó dáa máa ń dán, ó máa ń rọ̀ lọ́wọ́. Bí òpó yẹn bá ti nípọn, tó funfun, tó le, aràn ti gbé ibẹ̀. Nígbà mìíràn wàá rí òun gan-an, pẹlẹbẹ bí ewé, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7. "Àlájà, a ti gé ibi tí kò dáa kúrò" kì í wọ̀ mí létí. Owó mi ni!

Fasciola gigantica ni irú aràn yìí tó ń mú màlúù ilẹ̀ wa. Ìbátan rẹ̀ tó kúrú jù ú lọ, Fasciola hepatica, ló wà ní Yúróòpù. Láwọn ibì kan ní Éṣíà, àwọn méjèèjì ti bára wọn bímọ, ojú lásán kò sì lè dá ọmọ náà mọ̀, àfi kí wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò. Nítorí náà, bí o bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ alápatà pé kó fún òun ní aràn, má fi ṣẹ̀sín.

Etí omi ni màlúù ti ń kó o. Ẹyin aràn á bá ìgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sómi, èyí tó pa níbẹ̀ á wọ inú ìgbín omi kéékèèké, yóò jáde, yóò sì lẹ̀ mọ́ koríko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko òkè bá ti gbẹ, kí ni màlúù fẹ́ jẹ bí kò ṣe ti àbàtà?

Wàyí o, fetí sílẹ̀. Èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ tí o sè jinná kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Èyí tí o kò rí ni kí o bẹ̀rù: èyí tó lẹ̀ mọ́ ewé etí omi tí a jẹ ní tútù, àti èyí tó wà nínú omi odò tí a mu láìsè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, mílíọ̀nù 2.4 ènìyàn ló ti kó o, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 70.

Ohun tí èmi ń ṣe nìyí: ẹ̀fọ́ etí odò, mo máa ń sè é. Iyọ̀ àti fínígà kò ṣe é gbára lé. Bí sàláàdì bá ń wù ọ́, wá ewé tí wọ́n fi omi kànga rin, níbi tí màlúù kì í dé. Ẹ̀dọ̀ àgbò Iléyá tí ẹ máa ń já jẹ lórí ẹyin iná náà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jinná.

Bí ibà bá ń ṣe ọ́, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ọ́, tí o sì mọ̀ pé o ti jẹ irú ewé bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ fún dókítà. Triclabendazole ni oògùn rẹ̀. Oògùn aràn tí à ń rà ní kẹ́mísì kì í sábà ràn án.